A Kì Í Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé Baba Ẹni



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá ní Bódìjà, àlejò kan tí a ti ń retí láti òwúrọ̀ kò dé títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n òkè òkun ni a gbé bí i. Láti Ring Road ni ó ti gbéra, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ yà sí Ẹlẹ́yẹlé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bá a wá. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣe atọ́nà. Ohùn tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà pe orúkọ àwọn àdúgbò wa bí ẹni tí ó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, àlejò wa sì kọ́ ọ bí ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀nà dàrú mọ́ ọn lójú, ó bi ìyá kan tí ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Ìyá náà wò ó tìyanutìyanu, ó ní, “Ọmọ mi, a kò ní ibi tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn.” Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé tí ó ń wá.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi orí, ó ní, “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ta ni ó júwe ilé baba wa fún ẹ̀rọ yìí, ọwọ́ wo ni ó sì fi júwe rẹ̀?” Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn lóṣù yìí. Ìdáhùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ létí òkun.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ìbàdàn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, nítorí pé níbẹ̀ ni kálámù àjèjì ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ wa. Erékùṣù ni Èkó, omi ni ó yí i ká. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Potogí dé etíkun wa ní nǹkan bí 1472, omi yìí ni wọ́n fi mọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè wọn tí ó jẹ mọ́ adágún omi ni ó sì wá di orúkọ ìlú náà lórí ìwé. Lagos ni ọ̀rọ̀ náà. Títí di òní olónìí, ọmọ Èkó jí ní Èkó, ó jẹun ní Èkó, ó sì sùn ní Èkó. Ṣùgbọ́n lórí àwòrán ilẹ̀ gbogbo ayé, Lagos ni ó ń gbé.

Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ wọ̀nyí, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé atọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàrin 1505 sí 1508. Nínú rẹ̀ ni ó ti mẹ́nu kan ẹnu ọ̀sà yìí, ó sì wí pé bí ènìyàn bá wọ inú ilẹ̀ lọ, yóò bá ìlú ńlá kan tí yàrà gbòòrò yí ká. Geebuu ni ó pè é, Ìjẹ̀bú ni. Ẹ kíyè sí i dáradára. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí ni Erédò Sùngbọ́ wà, odi àti yàrà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Kí Potogí tó fa ìlà kan ṣoṣo nípa wa sórí ìwé, àwọn baba wa ti fa ìlà tiwọn sára ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ́ fà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé Yorùbá kò mọ ààlà kí Òyìnbó tó dé, kí ó lọ dúró nínú yàrà náà, kí ó sì gbé ojú sókè wo etí rẹ̀.

Àwọn tí ó wá lẹ́yìn Potogí wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Aláàfin. Katunga ni ó kọ sílẹ̀ fún ìlú náà, Yarriba ni ó sì pe àwa fúnra wa, nítorí pé orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè wá ni ó gbà sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé orúkọ tí aládùúgbò pè wá ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí orúkọ tí a ń pe ara wa sì jókòó sílé. A kò bínú sí Clapperton. Àlejò ń rìn, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kọ èyí tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àlejò ni ó di ẹ̀rí, nítorí pé onílé kò tíì kọ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun tí a bá ti yà sórí ìwé kò lè purọ́. Ní 1798, James Rennell, ẹni tí a bu ọlá fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ya òkè gíga kan tí a pè ní Kong, tí ó na gbọọrọ la ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá. Òkè náà kò sí. Síbẹ̀ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń wo ara wọn kọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, fún nǹkan bí 90 ọdún, títí tí ará Faransé kan tí ń jẹ́ Binger fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ibẹ̀ láàrin 1887 sí 1889, tí ó sì padà ròyìn pé òun kò bá òkè kankan pàdé. Àgbẹ̀ tí ń gbé níbẹ̀ ìbá ti sọ fún wọn láti ìgbà pípẹ́, bí ẹnìkan bá bi í.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí erékùṣù wa. Ní 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ní 1859, John Hawley Glover, ọmọ ogun ojú omi tí ó mọ iṣẹ́ ìwọn, ya àwòrán ẹnu odò náà, kí àwọn ọkọ̀ lè mọ ibi tí omi gbé jìn àti ibi tí iyanrìn gbé wà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ erékùṣù náà di ti Gẹ̀ẹ́sì. Glover kan náà sì di olórí ìjọba níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Òun ni àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà. Ìbọn ni ó fọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìwé àti ìwọn ni ó fi ìdí àlejò kalẹ̀ nínú yàrá. Ní 1885, W. T. G. Lawson, ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ya pláànù ìlú Èkó, òpópónà tẹ̀lé òpópónà. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ìlú Párì, wọ́n fi ẹnu kò sí ìlà kan láàrin ilẹ̀ tí ẹnì kìíní mú àti èyí tí ẹnì kejì mú. Ìlà náà gba àárín ìdílé kọjá. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí Oòduà bí bí ó ti bí Ọ̀yọ́, bọ́ sí ọwọ́ Faransé, wọ́n sì wà ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ẹnikẹ́ni kò rán ikọ̀ sí Alákétu pé kí ó wá wo ibi tí wọn yóò fa ìlà náà gbà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé, kí ni àwọn baba wa ń ṣe nígbà tí gbogbo èyí ń lọ? Wọ́n ní ìmọ̀ ààlà tiwọn. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ìpẹ̀kun oko. Odò àti àpáta ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnu àgbà ni ó sì jẹ́ àpótí ìwé wọn. Ìlú Ìbàdàn pàápàá ní odi, Odi Ìbíkúnlé, àwọn ẹnubodè rẹ̀ sì ní orúkọ àti oníbodè. Ìmọ̀ yìí péye fún àwọn tí ó gbà á gbọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò wà lórí ìwé, ayé sì ti di ayé ìwé.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí èyí kedere, tí ó sì fi ṣe ohun ìjà, ni Herbert Macaulay. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí baba ìṣèlú wa. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà kan tí ìjọba tẹ̀ jáde ní 1979. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni. A bí i ní 1864. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà ní 1893 láti ṣe awọnlẹ̀ fún ìjọba ní Èkó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti rí inú ìwé. Ó ti mọ bí ilẹ̀ ìdílé ṣe lè di ilẹ̀ ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kan, nípa ìlà pupa tí a fà sórí bébà.

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, sì kọ̀ láti gbà pé owó díẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, Macaulay ni ó bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá ẹjọ́ náà pé ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, àti pé owó tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ bá ohun ìní náà mu ní kíkún. Ìmọ̀ àwọn baba wa ni ó borí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó nílò ọmọ tí ó lè ka ìwé alátakò kí a tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìdílé Macaulay tí a fẹ́ kí olúkúlùkù òǹkàwé wa gbé yẹ̀wò. Abigail ìyá rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní 1843 ni Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ní 1852 ó tẹ ti gírámà. Nígbà tí ó sì di 1875, àwọn olórí ìjọ pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀ àti irú àmì tí a ó fi sórí rẹ̀ àti sábẹ́ rẹ̀. Baba àgbà kọ èdè sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọn ilẹ̀. Inú ìdílé kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ méjèèjì ti jáde. Síbẹ̀, láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, irinṣẹ́ méjèèjì kò tíì pàdé lórí bébà kan náà. A ní ìwé tí ó kọ èdè wa dáradára. A ní àwòrán tí ó wọn ilẹ̀ wa dáradára. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tí a fi èdè Yorùbá pípé kọ orúkọ sí, ẹ bá wa wá a kí ẹ fi hàn wá.

Ẹ wo Èkó fún àpẹẹrẹ. Ìdó di Iddo, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta di Ebute Metta, bí ẹni pé a sọ “d” àti “t” di ìbejì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dùn létí ẹni tí ó kọ ọ́. Àwọn tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti kú tipẹ́. Àwa ni a ṣì ń kọ ọ́. Ẹ wo ìpínlẹ̀ tí ó múlé gbe wa, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1976 ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Odò Ògùn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ ọ́ láìní àmì, àlejò lè kà á sí ogun tí ń pa ènìyàn, tàbí Ògún òrìṣà irin, tàbí ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Orúkọ mẹ́rin ni a dì sínú ẹrù kan, a sì ń bínú pé ẹ̀rọ kò mọ èyí tí yóò mú. Báyìí náà ni “Oke” ṣe lè jẹ́ òkè tí a ń gùn tàbí ọ̀kẹ́ tí a ń kó owó ẹyọ sí. Ẹ̀rọ kò ní ìyá tí yóò tún un ṣe; ohun tí a bá kọ fún un ni yóò pè.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, “Kí ni ariwo àmì? Àwa mọ ibi tí à ń lọ.” Òótọ́ ni pé àwa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í ya àwòrán ilẹ̀ fún ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni a ṣe ń yà á: àlejò, ọmọ tí a kò tíì bí, dókítà tí a pè lóru, panápaná tí ń wá ilé tí iná ń jó.

Àwọn mìíràn sì lè wí pé iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù, ó ti pẹ́ jù, Gẹ̀ẹ́sì ti bà á jẹ́ tán. Àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ kí ó gbọ́ nípa erékùṣù mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kí ó tó wọn tiwa. Áyálándì ni orúkọ rẹ̀. Láti 1824, àwọn ọmọ ogun awọnlẹ̀ rin ín láti etíkun dé etíkun, nítorí pé ìjọba fẹ́ mọ iye owó tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa san. Nígbà tí ó fi di 1846, wọ́n ti tẹ àwòrán gbogbo erékùṣù náà jáde, ínǹṣì 6 fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ìlú níbẹ̀ bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ. Títí dé ibí yìí, ìtàn tiwa ni.

Ṣùgbọ́n ní 1830, àwọn awọnlẹ̀ náà gba ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ náà kan sí iṣẹ́, John O'Donovan, ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn baba rẹ̀ jinlẹ̀. Ó ń rin abúlé dé abúlé, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó, ó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń pe odò yìí àti ìdí tí òkè yẹn fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè abínibí. Àwòrán tí a tẹ̀ kò lo ohun tí ó kọ ní èdè abínibí náà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò sọnù. Nígbà tí apá tí ó pọ̀jù nínú erékùṣù náà di orílẹ̀-èdè òmìnira, ìwé wọ̀nyẹn wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti padà sí. Ìlú èbúté kan tí a ti sọ di Kingstown ní 1821 láti fi yẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì sí, gba orúkọ rẹ̀ padà ní 1920. Dún Laoghaire ni à ń pè é lónìí. Ní 1946, ìjọba wọn yan ìgbìmọ̀ fún ọ̀rọ̀ orúkọ ibùgbé nìkan. Lónìí, orúkọ méjì ni ó wà lára pátákó ojú ọ̀nà wọn, ti abínibí àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé ẹnìkan jókòó ti àwọn arúgbó kí àwọn arúgbó náà tó kú.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, ibùdó rẹ̀ àtijọ́ sì ń bẹ nítòsí Dùgbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ìwé, díẹ̀díẹ̀. Bódìjà tí a ń gbé ṣe ìpàdé wa, lórí bébà ni a ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àjọ ilé gbígbé ti Ìwọ̀-Oòrùn ya òpópónà àti ojúlé rẹ̀ kí ó tó di pé a fi bíríkì lélẹ̀ ní 1959. Agbowó yàtọ̀ sí èyí. Bí yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948 ti ń gbòòrò ní òdìkejì títì, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń hù ní Agbowó, olúkúlùkù ń kọ́ tirẹ̀ síbi tí ó bá rí ilẹ̀ rà. A ya Bódìjà kí a tó kọ́ ọ. A kọ́ Agbowó láì tíì yà á. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rí ojúlé kan ní Bódìjà nípa nọ́ńbà, ṣùgbọ́n tí ó fi jẹ́ pé ní Agbowó, “yà sí ọwọ́ ọ̀tún níbi igi máńgòrò, kí o béèrè ìyá oníyán” ni àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Bí a bá gé igi máńgòrò náà ńkọ́?

Àwọn orúkọ tí a rí ní Ìbàdàn tuntun yìí tilẹ̀ ń sọ ìtàn ara wọn. Ring Road, àpèjúwe tí ẹnjiníà kọ sórí pláànù ni, pé ọ̀nà yìí yí ìlú ká. Challenge, àwọn àgbà ibẹ̀ wí pé ilé ìtàwé kan ni ó gba orúkọ náà wá. Ibùdókọ̀ mìíràn sì wà tí ó ń jẹ́ orúkọ ilé epo. A kò wí pé kí a fi ọkọ́ wú gbogbo èyí kúrò. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ti fi bí ọmọ, tí wọ́n fi ra ilẹ̀, tí wọ́n fi sin òkú, ti di tiwọn, ibi yòówù kí ó ti wá. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé lábẹ́ orúkọ wọ̀nyí, orúkọ mìíràn wà tí a kò kọ, ti ìṣàn omi, ti igbó, ti oko, ti àkùrọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ẹ rántí Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, omi Ògùnpa kún dé bèbè, ó sì kọjá bèbè. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọmọ mọ́ ìyá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, àwọn odò Ìbàdàn tún kún, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Òjò ni ó rọ̀, lóòótọ́. Ìdọ̀tí tí à ń dà sínú odò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kan wà tí a kì í sábà dárúkọ. Ìṣàn omi kéékèèké tí ń ṣàn lọ sínú odò ńlá, tí í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí í sì jí nígbà òjò, àwọn baba wa fún un lórúkọ, wọn kì í sì í kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà kò sí lórí pláànù mọ́, ilẹ̀ títà ni ó dà lójú ẹni tí ń ta ilẹ̀. Ẹni tí ó rà á ní oṣù kejì rí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìwé rẹ̀ pé, bíkìnì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kọ́lé. Omi kò ka pláànù. Ní oṣù kẹjọ, omi padà wá sílé baba rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gba orúkọ ìṣàn omi kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, tí a sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn lè rí i, ìkìlọ̀ ni a kọ, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí yóò gbà là kò tíì di bíbí.

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ kan fún ara wa níbí. Fún ìgbà pípẹ́ ni ó ti rọrùn láti di ẹ̀bi ru Òyìnbó, àwa náà sì ti dì í ru ú lókè. Ṣùgbọ́n láti 1960 ni Nàìjíríà ti gba òmìnira. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1908 ń bẹ ní Ọ̀yọ́ lónìí, kò jìnnà sí wa. Ní yunifásítì wa yìí ni Akin Mabogunje, tí ó papò dà ní 2022, ti kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń wo ìlú Yorùbá. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì tirẹ̀ sókè láti máa ya àwòrán ilẹ̀ láti ojú ọ̀run. Láti 2004 sì ni àwòrán ilẹ̀ kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, OpenStreetMap, tí ẹnikẹ́ni ní ayé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí láìsan kọ́bọ̀. Glover nílò ọkọ̀ ojú omi. Macaulay nílò ọdún mẹ́ta ní ìlú òkèèrè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agbowó lónìí nílò fóònù àti àgbà kan tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Kálámù ti padà sọ́wọ́ wa láti ìgbà díẹ̀ wá. Àwa ni a kò tíì kọ nǹkan.

Nítorí èyí ni a ṣe ń mú àbá mẹ́ta wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Èkínní, kí ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, láti Bódìjà dé Challenge, yan ènìyàn méjì, ọ̀dọ́ kan àti àgbàlagbà kan, tí yóò lọ jókòó ti àwọn arúgbó ibẹ̀, tí yóò sì kọ orúkọ gbogbo odò, ìṣàn omi, òkè, ojúbọ àti agbo ilé tí wọ́n bá rántí. Èkejì, kí a kọ orúkọ náà ní Yorùbá pípé, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ síbi mẹ́ta: pátákó ojú ọ̀nà, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, àti àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ wa jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya àdúgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì pe orúkọ tí ó kọ síbẹ̀ sókè ketekete.

A mọ ibi tí ìjà yóò ti wá. Ìdílé kan yóò wí pé báyìí ni odò yìí ń jẹ́, èkejì yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹlòmíràn yóò sì fẹ́ fi orúkọ gba ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbi tí ẹnu bá ti yapa, kí a kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ àti ẹni tí ó sọ ọ́. Kí àwọn tí ń kọ ọ́ má sì jẹ́ àwọn tí ń tà á. Orúkọ méjì lórí odò kan sàn ju odò tí kò ní orúkọ lọ.

Àlejò wa ti padà sí òkè òkun. Kí ó tó lọ, ó jókòó ti àgbà ẹgbẹ́ wa tí ó mi orí lọ́jọ́ náà, ó mú ìwé jáde, ó sì kọ “Ẹlẹ́yẹlé” pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo, lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́ ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó bi bàbá pé, “Ẹ̀yin baba, odò wo ni ó wà lẹ́yìn ilé tí a jókòó sí yìí?” Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun tí ó ti lé ní ẹni 90 ọdún.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á tètè lọ béèrè.